Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Mọ́tò Mi

Èmi kì í bá mọ́tò jà. Èèyàn ni mo máa ń bá jà, gbogbo àdúgbò wa ní Fìdítì ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n táyà ọ̀tún ẹ̀yìn mọ́tò mi fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di wèrè lásìkò tí èmi àti màmá mi ń fa ọ̀rọ̀ ojú wọn mọ́ra wa lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ojú náà. Etí títì ni màmá mi ti ń ta ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Nígbà tó yá, àwọ̀ funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹyin ojú wọn, ohun tí àwọn dókítà ń pè ní kátárákítì. Ó ń nípọn sí i, kò sì pẹ́ tó fi di pé wọ́n ń fọwọ́ pa ọsàn lára kiri kí wọ́n tó mọ èyí tó pọ́n. Dókítà kan l'Ọ́yọ̀ọ́ wò wọ́n, ó ní iṣẹ́ abẹ kékeré ló máa yọ ọ́, ṣùgbọ́n tí a bá jẹ́ kó pẹ́ jù, ọwọ́ òun lè má ká a mọ́. Màmá mi ní kí dókítà má ṣe ìyọnu. Wọ́n ní etí àwọn ń gbọ́, ọwọ́ àwọn sì mọ nǹkan, kí lèèyàn tún ń wá?

Mo sọ ọ́ títí, ẹnu mi gbẹ. Mo bínú, mo bẹ̀bẹ̀, mo tún bínú. Nígbà tó yá, wọ́n ní ó dáa, wọ́n á lọ.

Onítẹ̀bọmi pọ́ńbélé ni màmá mi. Wọn kì í pa ìsìn ọjọ́ ìsinmi jẹ, orin ìsìn kò sì sí èyí tí wọn kò mọ̀ lórí. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí pásítọ̀ ò lè gbà lọ́wọ́ wọn: ẹsẹ̀ kíkọ. Ẹsẹ̀ òsì ni ẹsẹ̀ ire wọn. Tí wọ́n bá ń jáde lọ tí ẹsẹ̀ òsì kọ, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní oúnjẹ ń bẹ níbi tí àwọn ń lọ. Tó bá ṣe ẹsẹ̀ ọ̀tún ni, ó parí nìyẹn. Kódà kó jẹ́ ìgbéyàwó ọmọ ọ̀rẹ́ wọn, inú ilé ni wọ́n ń padà sí.

Ọjọ́ tí dókítà kọ́kọ́ dá fún wa, wọ́n ti wọṣọ, wọ́n ti wé gèlè, àpò wọn ti wà nínú mọ́tò. Ó ku kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Gbàgà! Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún gbá etí àtẹ̀gùn. Wọ́n dúró, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n bá yí padà, wọ́n ń tú gèlè lọ.

"Màmá!" Mo lọgun. "Ẹ ò ríran ni ẹ ṣe kọsẹ̀! Torí pé ẹ ò ríran náà la ṣe fẹ́ lọ!"

"Gbogbo ohun tó o wí yẹn ló dáa," wọ́n ní. "Lọ bọ́ṣọ."

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ńlá ni? Mo gba yàrá mi lọ, mo ti ilẹ̀kùn gbà-á. Nígbà tí orí mi wálẹ̀, mo wa mọ́tò lọ sí ọsibítù náà l'Ọ́yọ̀ọ́ láti lọ tọrọ ọjọ́ mìíràn. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Àǹtí, màmá yín nìkan kọ́ ló lójú o." Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, ì bá gbọ́ èsì tiẹ̀. Ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀. Èmi yìí, mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì lójú gbogbo ayé. Ó fún mi lọ́jọ́, ó ní tí a ò bá wá lọ́tẹ̀ yìí, ká máa lọ ibòmíràn.

Nígbà tí mò ń padà bọ̀ ni ìṣó gún táyà mi, tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilé.

Fọkanáísà kan wà nítòsí ilé wa tó máa ń lẹ táyà. Táyà mi kì í ṣe èyí tó ní tíúbù nínú, nítorí náà kò tiẹ̀ tú u rárá. Ó fa ìṣó yọ, ó fi irin ṣóńṣó kan ro ihò náà, ó ki rọ́bà dúdú alálẹ̀mọ́ kan tó rí bí okùn bọ̀ ọ́, ó gé àṣẹ́kù rẹ̀, ó lu táyà pò-pò, ó ní ó ti parí. Kò da omi ọṣẹ sí i kó wò ó bóyá ó ń jò. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, táyà ti jókòó sílẹ̀. Mo padà lọ bá a, ó ní rọ́bà òun ò lè jò láéláé, pé ọ̀nà tí mò ń gbà wa mọ́tò ni kò dáa.

Háà! Ọ̀nà tí mò ń gbà wa mọ́tò kẹ̀! Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà, kò ṣe é kọ sínú ìwé. Mo ní títí ayé, ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́. Àwọn fọkanáísà yòókù ńkọ́? Gbogbo wọn ló wà létí títì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìyá tó ń bá màmá mi ta èso. Tí mo bá gbé táyà náà síwájú wọn, kí n tó délé, ìròyìn ti délé: mọ́tò tó fẹ́ gbé yín lọ sí ọsibítù ti gba ìṣó lẹ́sẹ̀ o, ẹsẹ̀ ọ̀tún sì ni. Ẹ má sì bi mí nípa táyà sípíà. Sípíà ti bẹ́ tipẹ́.

Ohun tí mo wá ń ṣe nìyí. Tí mo bá fún atẹ́gùn sí táyà náà dáadáa láàárọ̀, ó ń gbé mi dé ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní Jobele, ó sì ń gbé mi padà. Òru ló fi ń jò tán. Mo wá pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ tí bàbá mi fi sílẹ̀ kó tó kú jáde. Ní ìdájí, kí màmá mi tó jí, mo ti wà lẹ́yìn ilé, níbi tí mọ́tò ń sùn sí lábẹ́ fèrèsé wọn, mò ń fún un. Pọ́ǹpù náà ti gbó, awọ inú rẹ̀ ti gbẹ. Tí mo bá fà á sókè, a ní "hìíìn." Tí mo bá tì í wálẹ̀, a ní "hùn-ùn." Èmi fúnra mi ń mí gúlegúle tẹ̀ lé e. Ọlọ́run ló mọ ohun tí ẹ̀yìn mi fojú rí.

Gbogbo ìgbà yẹn, màmá mi ò gbọ́, wọn ò gbà. Mo ní dókítà ti fún wa lọ́jọ́ tuntun, wọ́n ní kí dókítà máa lò ó. Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan tí a jọ ń mu ẹ̀kọ. Màmá bá ní, "Ọjọ́ wo ni dókítà yẹn tiẹ̀ ní ká wá?"

Àkàrà bọ́ lẹ́nu mi. "Ẹ máa lọ?"

"Mo ní mo ti gbà. Má bi mí ní ìdí ẹ̀."

Èmi rò pé ọ̀rọ̀ mi ló wọ̀ wọ́n létí. Mo ṣe fáàrí títí nílé ìwé. Mo sọ fún àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi pé ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò sí ẹni tí kò lè yí lọ́kàn padà. Mo ń sọ ọ́, mò ń mi orí.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, mo gbálẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí mọ́tò. Gbogbo òkúta, gbogbo èkùrọ́, mo ṣà wọ́n dànù. Mo tẹ́ ẹní sórí àtẹ̀gùn. Mo fún táyà náà títí ó fi le bí àgbọn. Mo di màmá mi lápá mú, mo sì fi ọwọ́ ara mi gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn wọnú mọ́tò bí ẹni ń gbé ẹyin.

"Kí lò ń ṣe lẹ́sẹ̀ mi?" wọ́n ní.

"Mò ń tọ́jú yín ni, Màmá."

A gbéra. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là, afẹ́fẹ́ tutù, inú mi ń dùn. Mo kọrin, wọ́n gbè é. A kọjá Jobele, mo juwọ́ sí ilé ìwé mi. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni sítíárìn bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo lọ́wọ́ mi, ìdí mọ́tò sì ń ṣe ṣẹ́gẹṣẹ̀gẹ.

"Kí ló ń dún?" Màmá bi mí.

"Ọ̀nà ni. Ọ̀nà ò dáa."

"Ọ̀nà ló ń dún 'ṣììì'?"

"Màmá, ẹ jẹ́ ká kọrin wa."

Nígbà tí a máa fi dé Ìlọrà, ríìmù ti fẹ́ máa jẹ títì. Mo rí táyà ògbólógbòó tí ẹnì kan tò jọ sábẹ́ igi, mo yà síbẹ̀. Fọkanáísà náà jáde, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan, fìlà rẹ̀ wà lẹ́yìn orí, wáàsí ń dún lórí rédíò rẹ̀. Mo sáré pàdé rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," mo ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, "táyà ẹ̀yìn ni. Ẹ bá mi ṣe é kíákíá, ẹ má sì pariwo."

"Kí ló dé?" Ohùn ọkùnrin náà dé Ọ̀yọ́. "Ṣé mọ́tò olè ni?"

"Olè kẹ̀?" Màmá ti dáhùn láti inú mọ́tò. "Ta ni wọ́n ń pè lólè?"

"Kò sí nǹkan kan, Màmá! Wọ́n ń bá wa fẹ́ atẹ́gùn sí i ni!"

Mo ní kí Màmá sọ̀ kalẹ̀ wá sinmi lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi. Wọ́n jókòó, etí wọn là sílẹ̀. Fọkanáísà fi jáàkì gbé mọ́tò, ó tú táyà, ó fún un, ó da omi ọṣẹ sí i. Fóòmù bẹ̀rẹ̀ sí í hó yí rọ́bà dúdú yẹn ká, ó ń ru gùdù.

"Ẹ wò ó, Àǹtí! Ibi tó ti ń jò rèé. Ẹni tó ṣe é ò ro ihò yìí kó mọ́, ó tún fi rọ́bà kan sí ibi tó gba méjì. Mo máa fa èyí yọ. Àánú ẹsẹ̀ ọ̀tún yìí mà ṣe mí o, ìyà ti jẹ ẹ́."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ó ti bọ́.

"Ẹsẹ̀ wo lo pè?" Màmá ní.

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún, Màmá. Ti ẹ̀yìn."

Wọ́n dìde. Wọ́n gbọn aṣọ wọn. "Ó tán. Ọmọ mi, yí mọ́tò padà, à ń lọ sílé."

Fọkanáísà wò mí, ó wò wọ́n. "Màmá, mọ́tò ò lè yí padà báyìí o. Ẹsẹ̀ ẹ̀ kan wà lọ́wọ́ mi."

"Màmá, ẹ̀yin kọ́ lẹ kọsẹ̀!" Mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo. "Mọ́tò ni! Mọ́tò ò lẹ́sẹ̀!"

"Ó lẹ́sẹ̀ o, Àǹtí," fọkanáísà ní. "Ẹsẹ̀ mọ́tò là ń pè é."

Mo wò ó ní ìwò tí mo fi ń wo àwọn ọmọ tó ń pariwo ní kíláàsì. Ó bo ẹnu rẹ̀. Tí a bá padà lónìí, nọ́ọ̀sì yẹn ò tún ní fún wa lọ́jọ́ mọ́, ojú màmá mi á sì pa dé bẹ́ẹ̀.

Màmá rọra padà jókòó, bóyá torí pé kò sí mọ́tò tí wọ́n máa wọ̀. "Ìgbà wo ni nǹkan gún mọ́tò yìí?" wọ́n bi fọkanáísà.

"Ti òní kọ́, Màmá. Ó ti ṣe díẹ̀ tó ti ń jò. Àǹtí á kàn máa fún un láràárọ̀ ni."

"Kí ló fi ń fún un?"

Mi ò lè purọ́ mọ́. Mo ṣí bùútù, mo gbé pọ́ǹpù bàbá mi lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n fọwọ́ pa á láti òkè dé ìdí. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n di igi rẹ̀ mú, wọ́n fà á sókè.

"Hìíìn," ni pọ́ǹpù wí.

Wọ́n tì í wálẹ̀. "Hùn-ùn." Wọ́n tún fà á. Ojú wọn yí padà.

"Ohun tó ń dún lábẹ́ fèrèsé mi ní ìdájí nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ẹkún kọ́ ni?"

"Ẹkún wo?"

"Mo rò pé o ń sunkún ni! Láràárọ̀ ni mò ń gbọ́ ẹ. Mo ní ọmọ mi rèé, ó ń sá lọ sẹ́yìn ilé lọ sunkún torí ojú mi, kí n má baà gbọ́. Mo dùbúlẹ̀, mi ò lè sùn. Mo ní kí ló tó báyìí? Ojú tèmi ni, ẹ jẹ́ kí n lọ, kọ́mọ yìí lè sinmi ẹkún." Wọ́n fi pọ́ǹpù nalẹ̀. "Ìdí tí mo ṣe gbà nìyẹn! Àṣé pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ bàbá ẹ ló ń sunkún!"

Fọkanáísà ti jókòó sórí táyà, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Sùbúhánàlláì! Pọ́ǹpù sunkún!" Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Gbogbo fáàrí tí mo ṣe nílé ìwé, gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn mi, pọ́ǹpù ló ṣe é.

"Nítorí náà," Màmá ní, ohùn wọn sì ti rọ̀, "ìwọ ò tiẹ̀ sunkún rárá?"

Mo lanu láti dáhùn. Ẹkún ló jáde. Mi ò mọ ibi tó ti wá. Mo jókòó sílẹ̀ ní ìdí bẹ́ǹṣì náà bí ọmọdé, mo gbé orí lé orúnkún wọn.

"Ẹ̀rù ń bà mí," mo ní. "Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ ò ní rí mi mọ́. Ẹ tiẹ̀ mọ bí mo ṣe rí báyìí? Mo ti hu ewú, Màmá. Ó kún iwájú orí mi, ẹ ò mọ̀."

"Ewú? Ìwọ?" Wọ́n bọ́ gèlè mi. Ọwọ́ wọn wọ inú irun mi, ọwọ́ tó mọ ọsàn tó pọ́n. Wọ́n pa á níwájú, wọ́n pa á ní ẹ̀gbẹ́, wọ́n tún padà síwájú. "Níbo ló wà?"

"Ibi tí ọwọ́ yín wà gan-an nìyẹn."

Wọ́n pa á títí. "Irun lásán ni mò ń bá," wọ́n ní.

Fọkanáísà ti dẹ́kun ẹ̀rín, ó pa rédíò. Màmá dá gèlè mi padà, wọ́n ń fún un mọ́ mi lórí.

"Ìgbà tó o ń lọ ni nǹkan yẹn gún ọ, àbí ìgbà tó o ń bọ̀?"

"Ìgbà tí mò ń bọ̀. Mo lọ bẹ̀ wọ́n l'Ọ́yọ̀ọ́ pé kí wọ́n fún yín lọ́jọ́ mìíràn."

"O bẹ̀ wọ́n?"

"Mo kúnlẹ̀, Màmá."

"Ìwọ?" Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn. "Ó dáa. Ẹsẹ̀ tó bá kọ nígbà àbọ̀, èmi ò kà á." Wọ́n kọjú sí ibi tí fọkanáísà wà. "Ìwọ, ṣé o fẹ́ ká sùn sọ́dọ̀ ẹ ni? Dá ẹsẹ̀ ọmọ mi padà fún un!"

"Mo ti ń ṣe é, Màmá!" Ó fa rọ́bà àtijọ́ yọ, ó ro ihò náà kó mọ́, ó ki rọ́bà méjì papọ̀ bọ̀ ọ́, ó fún táyà, ó tún da omi ọṣẹ sí i. Gbogbo wa tẹjú mọ́ ọn, àfi màmá mi tó tẹ́tí.

"Ó ń hó?"

"Kò hó, Màmá. Ó dákẹ́ jẹ́ẹ́."

"Ẹ jẹ́ ká lọ." Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wọnú mọ́tò, wọn ò sì jẹ́ kí n bá wọn gbé e.

Lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ abẹ náà, tí nọ́ọ̀sì ṣí ojú wọn, nọ́ọ̀sì tó ní kì í ṣe màmá mi nìkan ló lójú yẹn náà ni, wọn ò wo dókítà, wọn ò wo fèrèsé. Wọ́n ní kí n bọ́ gèlè. Mo bọ́ ọ. "Yéè, mo gbé!" wọ́n ké. "Ọmọ mi ti darúgbó!" Gbogbo wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín, inú mi sì dùn débi pé mi ò bínú rárá.

Táyà náà kò jò mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n òògùn ojú kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa kán láràárọ̀, màmá mi sì kórìíra rẹ̀ torí pé ó ń ta wọ́n. Tí mo bá ní kí wọ́n kán an, wọ́n á ní kí n fi àwọn sílẹ̀. N ò jà mọ́. Mo kàn máa ń gbé pọ́ǹpù lọ sábẹ́ fèrèsé. Hìíìn. Hùn-ùn. Hìíìn.

"Mo ti kán an o!" wọ́n á lọgun láti inú yàrá. Lẹ́yìn náà, wọ́n á yọ orí jáde lójú fèrèsé, omi òògùn ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn.

"Gbé pọ́ǹpù ẹ kúrò níbẹ̀, oníjìbìtì," wọ́n á ní. "Táyà ẹ ò rọ̀. Mò ń wò ó láti ibí."